Ohun tí Jethro Sọ Níwájú Àwọn Ọ̀gá

Àwọn ará Ìkọ̀yà, ìlú wa, ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n fẹ́ Jethro Ọláìtán. Wọ́n ní Fúnmilọ́lá ọmọ Lucas Adéjọbí kàwé àkàjù, ó wá ń fojú di ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹnu wọn ni, òun náà ni wọ́n fi ń jẹ púpurú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá mú un láti ibi tó ti bàjẹ́, ẹ ó rò pé n kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà rí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ojú ń ti èmi fúnra mi.

Ọdún 1969 ni, ogun Bìáfírà kò tíì parí. Mo ti jáde ilé-ìwé Modern School, mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi, Catherine, ní ebu tí a ti ń fún epo pupa. Lọ́jọ́ kan mo gbé epo lọ fún oníbàárà wa kan ní Òkìtìpupa. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì kan. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó so táì mọ́rùn, àmọ́ ẹsẹ̀ lásán ló wà, ó sì gbé bàtà rẹ̀ lé itan. Mo bi í bóyá bàtà náà ló fún un lẹ́sẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní kí ló wá dé tó fi gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

Ó ní ọmọ Àyèká lòun, ọmọ ìjọ Aládùúrà, orúkọ òun ni Jethro. Íntáfíù iṣẹ́ akọ̀wé lòun bá wá. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó rí i tí ilẹ̀ ń dán, ó rí àwọn ọ̀gá mẹ́ta tí wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì bí àwọn àgbà ìjọ, kò sì mọ ìgbà tó bọ́ bàtà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà lọ, ó gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà." Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn fi máa gbà á kí àwọn má gba ẹlòmíràn, ó ní àánú wọn lòun ń tọrọ.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bá mi gbé agolo tó ṣófo dé ibi tí mọ́tò Ìkọ̀yà ti ń gbèrò. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo rí lára rẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé nígbà tí mọ́tò ṣí, mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró síbẹ̀, mo sì ń gbàdúrà kí oníbàárà wa tètè ránṣẹ́ epo mìíràn.

Kò pẹ́ tí a fi ń wá ara wa kiri. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Aníwúrà, ló ṣe alárinà wa. Òun ló mú ọ̀rọ̀ Jethro lọ bá bàbá mi. Bàbá mi, Lucas, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni, sídẹ́sìmàn ni ní ìjọ Áńgílíkà, ó sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àwọn Aládùúrà. Ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù fún Ọlọ́run tí kò dití. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ọmọkùnrin náà wá kóun rí i.

Jethro wá. Bàbá mi bi í pé ọmọ ta ni, kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bọ́ aya. Ọkùnrin tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó dojú kọlẹ̀, kò rí ohun mìíràn sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ, títí kan ibi tí "Bẹ́ẹ̀ ni" kò ti bá ìbéèrè mu. Nígbà tó lọ tán, bàbá mi yíjú sí Àǹtí Aníwúrà.

Ó ní, "Ọkùnrin tí kò lẹ́nu níwájú mi, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọ mi lọ́la, ta ni yóò gbà á sílẹ̀? Ìgbà tó bá níṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, tó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kó padà wá."

Àǹtí Aníwúrà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń já ewé, kò dá sí i. Ìyá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bá ti ń sọ.

Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ nígbà tó di àárọ̀, inú bí mi. Mo ní ẹnu kọ́ ni Jethro kò ní, ẹ̀rù ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè mú, a ó mú un.

Ebu ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn obìnrin bá ti fún epo tán tí wọ́n lọ, màá gbé pákó kan lé orí agolo kẹrosíìnì méjì, ó di tábìlì. Màá dé fìlà bàbá mi, màá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo di ọ̀gá. Jethro á kan ilẹ̀kùn tí kò sí, á sì wọlé. Ẹ̀kọ́ kìíní ni bàtà: mo ní kó wọ̀ ọ́ wọlé kó sì wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀kọ́ kejì ni ojú. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ àwa pé ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó di kí n ṣàlàyé fún un pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, bí o kò bá wò wọ́n lójú, olè ni wọ́n á pè ọ́. Ó gbìyànjú, ojú rẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀. Mo ní kó má wo ẹyinjú, kó wo àárín ojú méjèèjì, lókè imú. Ẹni tí ò ń wò kò ní mọ ìyàtọ̀.

Èyí tó le jù ni kó yin ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ pé òun mọ nǹkan ṣe. Aráyé ló ń sọ ọ́ fún un. Mo bi í títí, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà" ló ń dá lóhùn. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ju fìlà bàbá mi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun kan. Mo ti bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí láìjẹ́ kí bàbá mi mọ̀. Nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, Jethro yìí kan náà ló dìde, tó ń ròyìn bí ọkọ̀ ojú omi ṣe dojú dé pẹ̀lú òun tí Ọlọ́run yọ òun. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Kò wárìrì, kò wolẹ̀.

Mo ní, "Jethro, má dá mi lóhùn ìbéèrè kankan mọ́. Jẹ́rìí. Kí lo ṣe, níbo lo ti ṣe é, ta ló rí ọ?"

Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ gún. Ó ní òun ni òun ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Àyèká ṣírò ẹyìn ọ̀pẹ tí wọ́n ń tà, pé nígbà tí ìwọ̀n àwọn oníbàárà kò bá ti wọn mu, òun lòun rí ibi tó ti yapa, alága ẹgbẹ́ sì wà láàyè tó lè sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán, ó ń wo àárín ojú mi méjèèjì. Mo gbàgbé pé ọ̀gá ni mí, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú lórí pákó náà, ó ní bí wọ́n bá ń bi òun pé ta ló fún òun lẹ́nu, èmi lòun máa dárúkọ. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bí ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi, mo sì kórìíra ọ̀rọ̀ náà lónìí.

Ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ epo tuntun kan lójú ọ̀nà Òkìtìpupa kéde pé àwọn ń wá akọ̀wé kan ṣoṣo, ọkùnrin tàbí obìnrin. Jethro gbọ́. Èmi náà gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti ń pọ́n nínú epo, mo sì fẹ́ jókòó nídìí tábìlì tèmi, kí n fi ohun tí mo kọ́ nílé ìwé ṣe nǹkan. Àǹtí Aníwúrà ní bí mo bá bá ọkọ àfẹ́sọ́nà mi du iṣẹ́, ṣòkòtò ni mò ń bá a du. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ṣé mo fẹ́ ọkọ ni àbí mo fẹ́ iṣẹ́? Mo rò ó títí, mo lọ bá Jethro, mo ní bó bá fẹ́ kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún òun, kó sọ. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí àwa méjèèjì lọ, ẹni tí wọ́n bá mú nínú wa, ilé kan náà ni owó ń bọ̀.

A wá bára wa ṣèlérí kan. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kì í gba ọmọbìnrin tó bá ti fẹ́ relé ọkọ. Wọ́n á ní lónìí oyún, lọ́la ọmọ ń ṣàìsàn. Nítorí náà a ní bí a bá débẹ̀, a ò mọra. Kò ní dárúkọ mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Fúnmilọ́lá, bí wọ́n bá yọ idà sí mi, n kò mọ̀ ọ́ rí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà láàrin àwọn yòókù bí àjèjì. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú àwa méjèèjì. Orúkọ ọ̀gá wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Vincent. Ó bi mí léèrè ìṣirò, mo ṣe é lójú rẹ̀. Ó bi mí nípa epo, mo sọ ọ́ fún un bí ọmọ tí wọ́n bí sínú ebu. Ó bi mí bóyá mo ti lọ́kọ. Mo ní n kò tíì wà nílé ọkọ, òótọ́ sì ni. Ó wo àwọn tó kù, wọ́n mi orí. Ó ní kí n má jìnnà. Nígbà tí mo jáde, Àkànmú, mẹ́sẹ́ńjà wọn, ti ń bi mí ibi tí màá máa gbé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọ́n pe Jethro. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ o, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́, ó sì ròkè bí ìgbà tó ń jẹ́rìí. Inú mi dùn. Ẹ wo òmùgọ̀ obìnrin. Mo jókòó síta níbẹ̀, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àkànmú fi jáde, ó ní kí àwa yòókù máa lọ, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá. Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Jethro jáde lẹ́yìn náà. A rìn dé ojú títì kó tó sọ pé òun ni wọ́n mú, ó sì bú sẹ́kún. Mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe ń sunkún. Inú tèmi náà bàjẹ́, àmọ́ èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní ṣebí ilé kan náà ni. Mo ní bàbá mi kò tún ní àwíjàre mọ́. Mo tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ mi, nítorí ilẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó gba owó oṣù díẹ̀, ó padà wá bá bàbá mi. Ẹ ò bá wá wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkálòlò. Bàbá mi yí padà pátápátá. Ó ní àṣé ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Wọ́n fi ọjọ́ ìdána sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Mildred wà nínú yàrá, wọ́n ti wọ aṣọ fún mi, a ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè mí. Kọ́tìnnì nìkan ló wà láàrin àwa àti pálọ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ tí a kò gbọ́. Àwọn ará Àyèká ti kó ẹrù dé: iṣu, iyọ̀, oyin, ẹja, orógbó, Bíbélì. Dúrósinmí, àbúrò bàbá Jethro, ni agbẹnusọ wọn. Ó dùn lẹ́nu. Bàbá mi fi í ṣeré pé àwọn rò pé ọmọ wọn yadi nígbà kan. Dúrósinmí ní háà, ẹ má pe ọmọ àwọn ní odi mọ́, àfi bí ẹ kò bá tíì gbọ́ bó ṣe gba iṣẹ́.

Ó ní, "Àwọn ọ̀gá ti mú ẹlòmíràn tán. Ọmọbìnrin yín gan-an ni wọ́n mú. Wọ́n ní ọmọ wa gbìyànjú, ṣé ó tún ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó wò wọ́n lójú. Ó ní, 'Sà, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn, ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi ni. Kí ọdún tó yípo, yóò ti lóyún. Èmi kò ní lóyún.' Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fún un níṣẹ́."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láàrin wọn. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló ga jù. Mildred di ọwọ́ mi mú. Mo ń retí kí Jethro sọ pé irọ́ ni, kó ní bàbá kékeré fi kún un. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Mo jáde. Ìṣe wa ni pé wọ́n á bi ọmọ lójú gbogbo ènìyàn bóyá kí wọ́n gba ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n fi tipátipá fà á. Àǹtí Aníwúrà bi mí pé ṣé kí a gbà á. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi Jethro. Mo bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ.

Ó dìde. Ó wò mí, kò wárìrì rárá. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní kí n rò ó dáadáa: bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n mú, òun kò níṣẹ́ nìyẹn, ṣé bàbá mi á ṣílẹ̀kùn fún òun? Ó ní iṣẹ́ náà ni afárá tí òun gbà dé ọ̀dọ̀ mi, pé nítorí mi lòun fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́. Àwọn àgbà ń mi orí. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, owó aya ṣáà ni owó ọkọ. Fún ìgbà díẹ̀, èmi gan-an fẹ́ gbà á gbọ́. Ó rọrùn láti gbà á gbọ́. Mo wo ẹrù tó wà nílẹ̀, mo wo ojú tí mo ti ń rí lójú oorun láti ọdún 1969 wá.

Mo ní, "Jethro, orí bẹ́ńṣì kan náà ni a jókòó sí. Mo ti bi ọ́ pé ṣé kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, o ní rárá. Ká ní o sọ fún mi, mi ò bá ti dìde, mi ò bá ti lọ sílé kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí pé wàá kọ̀."

Mo ní, "Àwọn ọ̀gá ń bà ọ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, o sì sọ ọ́ níwájú wọn. Èmi tí mo fẹ́ ọ, èmi lo wá ń bẹ̀rù." Mo yíjú sí Àǹtí Aníwúrà. Mo ní kí wọ́n má gba ẹrù.

Ilé dàrú. Bàbá mi dìde, ó ní òun kò bí ọmọ tó máa dójú ti òun láàrin ènìyàn, pé ẹrù ti wọlé, kò sì ní jáde. Dúrósinmí ń bẹ̀, Àǹtí Aníwúrà ń sunkún, wọ́n ní kí n padà sínú yàrá lọ rò ó. Bàbá mi ní bí mo bá kọ Jethro, kí n wá ilé mìíràn. Ó sọ ọ́ níwájú Jethro, Jethro sì dúró síbẹ̀, ó dákẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń pariwo ni ìyá mi ti dìde láti ibi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé iyọ̀, ó gbé e jáde, ó lọ gbé e sẹ́bàá mọ́tò àwọn ará Àyèká. Ó padà wọlé, ó gbé oyin. Ó tún padà wá. Nígbà tó fọwọ́ kan iṣu, gbogbo ilé ti ń wò ó. Bàbá mi pe orúkọ rẹ̀, "Catherine." Kò dúró. Mildred jáde láti yàrá, ó bá a gbé ẹja. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn lọ́wọ́ kọ́.

Jethro ló jáde kẹ́yìn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ sídìí mọ́tò, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣí, ó sì dùn mí wọ egungun pé ìfẹ́ kò bá ẹrù jáde. Ìyá mi nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè kúrò lórí mi, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ilé-iṣẹ́ mìíràn kò tún sí tó ń wá akọ̀wé.